Orí Kẹfà: Irin ni Ìyá, Ọkọ̀ ni Ọmọ — Ìtàn Ilé-iṣẹ́ IHI ti Japan

Ohun tí orí yìí dá lé

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè sọ bí ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní IHI ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Japan, bó ṣe dàgbà, àti ohun tó mú un yè nígbà tí ọjà ọkọ̀ òkun dẹnu kọlẹ̀. Ó yẹ kó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìpín nínú èrè iṣẹ́ àti ìpín nínú ìmọ̀ iṣẹ́, kó sì lè fi ìtàn náà wé ohun tó wà nílẹ̀ ní Effurun, Warri àti àwọn ìlú etídò tó yí wọn ká.

1. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn

Ẹni tó bá dúró sí etídò Warri yóò rí irin lóríṣiríṣi lójú omi: báàjì tó ru páìpù, tọ́ọ̀gì tó ń fà á, àti ọkọ̀ tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ibùdó epo ní Escravos àti Forcados. Bó bá yíjú sí orí ilẹ̀, yóò rí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Ekpan tí Snamprogetti ti Ítálì kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Yóò rí ilé-iṣẹ́ irin Aladja tí wọ́n ṣí ní 1982. Ní Effurun gan-an, ilé ẹ̀kọ́ PTI ti ń kọ́ni níṣẹ́ epo láti 1973, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó jẹ́ ti ìjórin nìkan. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ epo, FUPRE, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2007. Odò wà, iná wà, ilé ẹ̀kọ́ wà, ọwọ́ tó mọ irin jó pọ̀ bí omi òjò. Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń kan ọkọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń dún káàkiri ayé, kò fi tíì jáde láàárín wọn?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé owó ni kò sí. Orí yìí yóò gba ọ̀nà mìíràn wo ọ̀rọ̀ náà. A ó tọpa ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu odò kékeré kan pẹ̀lú ọkọ̀ onígi kan tó rì sínú ẹrẹ̀, tó sì wá di ẹni tó ń ṣe afárá, tọ́báìnì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú àti àgbá ńláńlá tí wọ́n ń fi sọ gáàsì di epo. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ìmọ̀ irin tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń mú ilé-iṣẹ́ ìkànkọ̀ dúró, pẹ̀lú àṣẹ tí wọ́n ní láti gbé ìmọ̀ náà lọ síbi tí ọjà bá wà. Ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ohun tí ìmọ̀ náà ń bí. Níbi tí ìmọ̀ bá wà láìsí àṣẹ, iṣẹ́ á dé, iṣẹ́ á parí, kò sì ní í ṣẹ́kù ju ọ̀pá ìjórin tí wọ́n ti jó tán lọ.

2. Ọkọ̀ Wàhálà, 1853 sí 1876

Ní oṣù Keje ọdún 1853, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin, tí Matthew Perry jẹ́ ọ̀gá wọn, gúnlẹ̀ sí Uraga, nítòsí Edo tí a ń pè ní Tokyo lónìí. Méjì nínú wọn ń fi ooru omi rìn, èéfín dúdú sì ń yọ lórí wọn. Àwọn Tokugawa tó ń ṣàkóso Japan ti fòfin de kíkan ọkọ̀ ńlá fún ohun tó lé ní igba ọdún. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fagi lé òfin náà, wọ́n sì ti ní kí olórí ẹkùn Mito tẹ́lẹ̀, Tokugawa Nariaki, dá ibùdó ìkànkọ̀ sílẹ̀ ní Ishikawajima, erékùṣù kékeré kan lẹ́nu odò Sumida. Ibẹ̀ ni IHI ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni Asahi Maru, ọkọ̀ onígi aláṣọ-ìgbòkun, tó parí ní 1856. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í sómi, ó há sínú ẹrẹ̀. Àwọn ará Edo kò jẹ́ kó lọ láìsọ nǹkan kan sí i: wọ́n sọ ọ́ ní Yakkai Maru, bí ẹni pé Ọkọ̀ Wàhálà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí orúkọ yìí, nítorí pé ìtàn ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ nù. Ìjọba ló fowó ṣe iṣẹ́ náà, kò sì lọ déédéé. Bẹ́ẹ̀ wọn kò ti ibùdó náà pa. Ní 1866, ọkọ̀ ogun kékeré kan tó ń fi ooru rìn, Chiyodagata, jáde níbẹ̀. Àwọn ará Japan fúnra wọn ló yàwòrán rẹ̀, ẹkùn Saga ló sì ṣe bọ́ílà rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá péré ló wà láàárín ọkọ̀ tó há sẹ́rẹ̀ àti ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì nínú. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

3. Ọkọ̀ odò, afárá, àti egungun irin, 1876 sí 1945

Nígbà tí ìjọba tuntun Meiji gbàjọba, Ishikawajima bọ́ sábẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, wọ́n sì fẹ́ pa á tì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hirano Tomiji ló gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1876, ó sì di ibùdó ìkànkọ̀ ìgbàlódé àkọ́kọ́ tí ẹnì kan dá ní ní Japan. Ọmọ Nagasaki ni Hirano. Ó ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ irin tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń rọ lẹ́tà òjé fún àwọn ìtẹ̀wé ní Tsukiji, Tokyo. Owó tó rí nídìí lẹ́tà ló fi wọ iṣẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń rọ lẹ́tà òjé mọ̀ pé bí lẹ́tà kan bá fi bí irun orí ga ju èkejì lọ, ìwé á bàjẹ́, kò sì ṣòro láti rí bí irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe lè wúlò nídìí ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí Hirano kọ́kọ́ tà kò ga rárá. Ní 1877, ó gbé Tsūun Maru jáde, ọkọ̀ kékeré oníkẹ̀kẹ́-omi tó ń kó èrò àti ẹrù lórí odò Tone àti àwọn odò tó so mọ́ ọn. Ọkọ̀ odò ni, irú èyí tí àwọn ará Burutu àti Warri náà wá mọ̀ dáadáa. Ó ń tún ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe, ó ń rọ irin fún ẹni tó bá fẹ́. Ní 1887, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe irin afárá Azuma tó kọjá lórí odò Sumida. Ní 1889 ó di ilé-iṣẹ́ oníìpín, tí Shibusawa Eiichi, gbajúmọ̀ oníṣòwò ìgbà náà, sì wà lára àwọn tó dì í mú. Nígbà tó di 1914 tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin Tokyo, Ishikawajima ló ti ṣe egungun irin tó gbé ilé náà dúró. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n wọ iṣẹ́ mọ́tò. Ní 1929 ẹ̀ka mọ́tò náà dá dúró, òun ló sì wá di Isuzu tí a ń rí lórí títì wa títí dòní. Ní 1945, wọ́n ṣe Ne-20, ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí Japan lò.

Bí a bá to àwọn nǹkan wọ̀nyí lé ara wọn, ó lè dà bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó ń ṣe bọ́ílà ọkọ̀ ti mọ bí a ṣe ń di ooru mọ́nú irin. Bí bọ́ílà náà bá kúrò nínú ọkọ̀ tó bọ́ sórí ilẹ̀, ó di ohun èlò ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná. Ẹni tó ń tẹ páànù irin fún ara ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ fún afárá. Tọ́báìnì tó ń yí àjẹ̀ ọkọ̀ ogun kò jìnnà sí èyí tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ náà kò fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ kọ́ òmíràn látìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé kiri, bí ìyá aláró tó mọ̀ pé aṣọ tó di àdìrẹ lónìí lè di ìró lọ́la.

4. Kure: bí a ṣe ń jó ọkọ̀ lọ́nà tuntun

Lẹ́tà kejì nínú orúkọ IHI ti inú Harima wá. Harima bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ní Aioi, ní ìwọ̀-oòrùn Japan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn Harima ló bá ara wọn nídìí iṣẹ́ kan tó yí ìtàn ìkànkọ̀ ayé padà. Ní 1951, ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Daniel Ludwig, tó ni ilé-iṣẹ́ National Bulk Carriers, háyà ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Kure, níbi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ ogun Yamato. Ẹnjiníà Harima kan, Shinto Hisashi, ló wá ń darí iṣẹ́ níbẹ̀.

Láti lóye ohun tí wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ irin tẹ́lẹ̀. Wọ́n á tẹ́ irin àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbé egungun rẹ̀ ró, wọ́n á wá máa fi páànù bò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣó ńláńlá ló ń di páànù mọ́ra: ọmọ iṣẹ́ á kó ìṣó síná títí á fi pọ́n bí ẹ̀yinná, á jù ú sí ẹnì kejì, ìyẹn á fi garawa hán an, á tì í bọ ojú ihò, ẹlẹ́kẹta á sì fi òòlù lù ú pẹ̀lẹbẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìṣó ló ń wọ ọkọ̀ kan. Òde, nínú òjò àti oòrùn, ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní Kure, wọ́n gé ọkọ̀ sí ìpín-ìpín, wọ́n sì ń jó ìpín kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òrùlé. Ìjórin ni wọ́n fi rọ́pò ìṣó. Àǹfààní tó ga jù níbẹ̀ ni èyí tí wẹ́dà èyíkéyìí ní Effurun yóò tètè mọ̀. Jíjó irin nílẹ̀, kí ọwọ́ máa wo ìsàlẹ̀, rọrùn ju jíjó o lókè orí lọ, níbi tí irin yíyọ́ ti fẹ́ máa kán síni lára, tí ojú ìjórin kì í sì í jọ́ra. Nítorí náà, wọ́n ń dojú ìpín ọkọ̀ délẹ̀ kí òkè rẹ̀ lè di ìsàlẹ̀, kí wẹ́dà lè jó o bí ẹni tó ń kọ̀wé lórí tábìlì. Wọ́n á to páìpù àti wáyà sínú ìpín náà kó tó kúrò nílé. Lẹ́yìn náà ni kírénì á gbé e, wọ́n á sì so ó mọ́ ìkejì rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ṣe Universe Apollo, ọkọ̀ epo àkọ́kọ́ láyé tó ru ju 100,000 tọ́ọ̀nù lọ, tí wọ́n tì sómi ní òpin 1958. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1956, Japan ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìkànkọ̀ láyé.

Ohun kan wà níbí tí kò yẹ ká fò. Àjèjì ló háyà Kure, òun ló ni owó, òun ló sì ni ọkọ̀. Ó dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ló wá dé tí ìmọ̀ fi ṣẹ́kù sọ́wọ́ Japan? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ẹnjiníà Japan ló ń yàwòrán, àwọn ló ń pinnu bí iṣẹ́ ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì ní ilé tí wọ́n lè gbé ìmọ̀ náà padà sí. Nígbà tí Ishikawajima àti Harima dara pọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1960 tí wọ́n di Ishikawajima-Harima, lábẹ́ Doko Toshio tó jẹ́ ẹnjiníà tọ́báìnì, ọgbọ́n Kure wọlé pẹ̀lú wọn. Ní 1966, wọ́n gbé Idemitsu Maru jáde ní Yokohama, ọkọ̀ epo àkọ́kọ́ tó ru ju 200,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ní 1973, Globtik Tokyo jáde ní Kure, ó sì ru ju 480,000 tọ́ọ̀nù lọ.

5. Nígbà tí ọjà ọkọ̀ wó, 1973 títí dòní

Ọdún 1973 náà ni owó epo fò sókè lẹ́yìn ogun Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Epo tí ayé ń kó kiri dín kù, ọkọ̀ epo sì pọ̀ ju ẹrù lọ. Àwọn tó ti ní kí wọ́n bá wọn kan ọkọ̀ ń fagi lé e. Ìjọba Japan ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ dín ibùdó wọn kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ IHI sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún 1990 tó dé. Korea ń bọ̀ lẹ́yìn, China náà tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ni IHI mọ̀ ọ́n ṣe, orí yìí ì bá parí síbí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1983, àwọn ilé-iṣẹ́ Japan tí IHI jẹ́ aṣáájú wọn parí afárá Matadi lórí odò Kóńgò, tí àárín rẹ̀ nìkan gùn ní mítà 520. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Oryx ní Ras Laffan, Qatar, ilé-iṣẹ́ tó ń sọ gáàsì di epo, tí wọ́n ṣí ní 2006, IHI ló ṣe àgbá ńlá méjì tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó nǹkan bí mítà 60, ó sì wúwo ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Bí a bá wo irú àgbá bẹ́ẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ ni tí wọ́n gbé nàró: páànù irin tí wọ́n ká, tí wọ́n jó pọ̀, àfi pé ó nípọn ju ti ọkọ̀ lọ, wọ́n sì ń fi ìtànṣán yẹ ojú ìjórin rẹ̀ wò bí dókítà ṣe ń yẹ egungun wò. Ní 2002, wọ́n yọ iṣẹ́ ọkọ̀ kúrò láàárín ilé, ní 2007 wọ́n sì yí orúkọ padà sí IHI Corporation. Ní 2013, ẹ̀ka ọkọ̀ wọn dara pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn láti di Japan Marine United. Ọmọ jáde nílé, ìyá ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ìmọ̀ náà rìn jáde ní Japan pẹ̀lú. Ní 1959, IHI dá Ishibrás sílẹ̀ ní Rio de Janeiro. Ní 1963, wọ́n bá ìjọba Singapore dá Jurong Shipyard sílẹ̀. Singapore kò ní irin, kò ní epo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni ìjọba rẹ̀ ti ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Títún ọkọ̀ ṣe ni Jurong fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń sọ ọkọ̀ epo àtijọ́ di ọkọ̀ FPSO, ìyẹn ọkọ̀ tó ń gba epo látinú kànga ìsàlẹ̀ òkun, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo ní Jubilee ní 2010, ọkọ̀ Kwame Nkrumah tí MODEC ti Japan kó wá ni wọ́n lò. Jurong ni wọ́n ti ṣe é. Èkejì rẹ̀, John Evans Atta Mills, tó dé ní 2016, ibẹ̀ náà ló ti jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ìkànkọ̀ ní 1963 ti di ọ̀gá tí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń gbé iṣẹ́ lọ bá.

6. Àtakò àti ìdáhùn

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé ìjọba Japan ló gbé wọn dìde. Òótọ́ ni. Ìjọba ló dá Ishikawajima sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun ojú omi ń ra ọkọ̀, òfin 1896 sì ń fún ẹni tó bá kan ọkọ̀ irin ńlá lówó. Kò sí ibi tí irú ilé-iṣẹ́ yìí ti dìde láìsí ọwọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n owó ìjọba nìkan kò tó. Owó ìjọba ló kan Ọkọ̀ Wàhálà, owó ìjọba ló sì kọ́ Aladja. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lẹ́yìn tí ìjọba Japan ti náwó, ó fi ibùdó náà sọ́wọ́ ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń bá a ra ọjà fún ọdún pípẹ́.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: pé ohun tí a pè ní ìdí ìtẹ̀síwájú, ìyẹn títún ọkọ̀ ṣe àti kíkan ọkọ̀ odò, ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Ní Burutu, ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tó gba ìwé àṣẹ ní 1886, àti UAC lẹ́yìn rẹ̀, ní ibùdó tí ọkọ̀ odò ti ń gúnlẹ̀ tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe kó tó gba orí odò Ọya lọ sókè. Kí ló dé tí Burutu kò di Ishikawajima? Àtakò yìí fi hàn pé àtúnṣe nìkan kò lè bí ìkànkọ̀. Ní Burutu, àwòrán ọkọ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu irú ọkọ̀ tí wọ́n máa rà, ohun tí ọmọ iṣẹ́ kọ́ kò sì ní ibi tó máa gbà jáde. Nígbà tí òwò odò ilé-iṣẹ́ náà rọ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìmọ̀ bá a rọ̀. Ọwọ́ àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló lè sọ pé, “Ọkọ̀ kò tà mọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe afárá.”

Àtakò kẹta ni pé irin tó yẹ kò sí nílẹ̀. Òótọ́ wà nínú èyí pẹ̀lú, ó sì yẹ ká gbà á. Irin gbọọrọ àti ọ̀pá irin tó wúlò fún ilé kíkọ́ ni wọ́n dá Aladja sílẹ̀ láti máa ṣe, òun ló sì yẹ kó máa bọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹrin bíi ti Òṣogbo. Páànù fífẹ̀ tí a fi ń ṣe ara ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Japan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ irin ní Yawata ní 1901. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún náà dáadáa: Azuma ti dúró lórí Sumida fún ọdún mẹ́rìnlá kí Yawata tó tan iná. Irin tí wọ́n rà lókè òkun ni Ishikawajima fi kọ́ iṣẹ́. Àìsí irin mú kí iṣẹ́ wọ́n. Kò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

Àwọn kan á tún sọ pé ìwà àwọn ará Japan ló yàtọ̀, pé iṣẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èyí kì í ṣe ìdáhùn rárá, nítorí kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn há sẹ́rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, IHI fúnra rẹ̀ kéde pé ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ ti ń yí àbájáde ìdánwò ẹ́ńjìnnì padà fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí ẹ́ńjìnnì tó ju 4,000 lọ. Ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n. Ètò tó ń mú kí ìmọ̀ pé jọ ni ká wò, ká sì wo bí ètò náà ṣe ń yè bọ́ nínú àṣìṣe àwọn tó wà nínú rẹ̀.

7. Ohun tí Effurun lè rí mú

Ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ wa jù wà ní Escravos, tí kò jìnnà sí Warri. Ní 2005, Chevron gbé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìsọ-gáàsì-di-epo fún JGC ti Japan, KBR ti Amẹ́ríkà àti Snamprogetti ti Ítálì. Ìmọ̀ ilé-iṣẹ́ Sasol, irú èyí tí wọ́n lò ní Qatar, ni wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ láti máa mú nǹkan bí 33,000 àgbá epo jáde lójúmọ́. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2014. NNPC ní ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi èyí wé Jurong. Singapore gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan. Nàìjíríà gba ìpín nínú nǹkan tí wọ́n ṣe. Ẹni tó ní ìpín nínú ẹ̀bà á yó lónìí. Ẹni tó ní ìpín nínú ọwọ́ tó ń tẹ ẹ̀bà á máa yó lọ́la, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì máa gbé àwo wá.

Òfin wa kò sùn pátápátá. Òfin Cabotage ti 2003 sọ pé ọkọ̀ tó ń ná etíkun àti odò wa gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó fàyè gba ìyọ̀ǹda fún ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rà nílé, ìyọ̀ǹda náà sì ti di ẹnu ọ̀nà gbangba. Òfin 2010 lórí iṣẹ́ epo ń ka tọ́ọ̀nù irin, wákàtí iṣẹ́ àti owó tí wọ́n ná nílé. Ó ṣiṣẹ́: ní 2018, wọ́n so àwọn apá kan ọkọ̀ FPSO Egina, tí Samsung ti Korea kàn, mọ́ ọn ní ibùdó LADOL, Èkó. Ohun tí irú ìkà bẹ́ẹ̀ kò lè wọ̀n ni ẹni tó ni àwòrán, ẹni tó pinnu bí iṣẹ́ ṣe máa lọ, àti ibi tí wẹ́dà máa gbé ọgbọ́n rẹ̀ lọ bí iṣẹ́ náà bá parí. Wákàtí iṣẹ́ mílíọ̀nù kan lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn kò tó wákàtí ẹgbẹ̀rún kan tí ènìyàn fi ń pinnu fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa lálàá ọkọ̀ epo ńlá. Japan gan-an ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà yẹn sílẹ̀ fún Korea àti China. Ibi tí Hirano ti bẹ̀rẹ̀ ni ká wò: ọkọ̀ odò, báàjì, àgbá omi, afárá kékeré tó kọjá lórí ọ̀gbàrá, àtúnṣe tọ́ọ̀gì. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ń lọ lọ́wọ́ báyìí lẹ́bàá odò Warri, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́n ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹyọ òjò. Bí àwọn tó ń lo ọkọ̀ lójú odò bá fi iṣẹ́ àtúnṣe ọdún márùn-ún sọ́wọ́ ibùdó kan náà, tí ilé ẹ̀kọ́ Effurun bá ń yàwòrán fún un, tí ìjọba bá ra ìpín nínú rẹ̀ dípò kó kàn fún un níwèé àṣẹ, ìmọ̀ á ní ilé tó ń gbé. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde níbẹ̀ lè há sẹ́rẹ̀. Àwọn ará Edo fi tiwọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó kàn án ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì láti fà á yọ.

Ìbéèrè

1. Ṣàlàyé ohun tó so bọ́ílà ọkọ̀, afárá Azuma àti àgbá ilé-iṣẹ́ Oryx pọ̀.

2. Kí ló mú kí dídojú ìpín ọkọ̀ délẹ̀ ní Kure dín wàhálà ìjórin kù? Fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ wẹ́dà tí o mọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

3. Burutu àti Ishikawajima ni wọ́n jọ ń tún ọkọ̀ odò ṣe. Jíròrò ìdí tí ọ̀nà wọn fi yà.

4. “Ìpín nínú ọjà kò tó ìpín nínú iṣẹ́.” Fi Jurong àti Escravos gbè é lẹ́yìn, tàbí kí o fi wọ́n ta kò ó.

5. Iṣẹ́ ìta: Lọ sí ìsọ̀ wẹ́dà mẹ́ta ní agbègbè rẹ. Kọ ohun tí wọ́n ṣe láàárín oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kọ ẹni tó yàwòrán rẹ̀.